Kẹ́hìndé Ò Lọ sí Èkó

Comfort Rẹ̀mílẹ́kún Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Òdúbánjọ, Ìjẹ̀bú ọmọ Alárè. Àbẹ̀kẹ́ tí a bẹ̀ kí a tó rí kẹ́. Ìyá Èjìrẹ́, a-bí-méjì-lọ́jọ́-kan. A-di-bísíkíìtì-bí-ẹni-ń-hun-ẹní. A-rẹ́rìn-ín-kó-tó-dáhùn. Aya mi, tí kò sùn síta rí títí wọ́n fi gbé e lọ síbi tí kò yẹ kó sùn.

Orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Mo kọ ọ́ sókè kí n tó kọ ohunkóhun, nítorí orúkọ mìíràn wà tí wọ́n sọ ọ́ ní ọdún tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀, mi ò sì ní kọ ìyẹn sínú ìwé yìí.

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ tánganran ní Ìkẹjà ni mo ti lo ọjọ́ ayé mi, nídìí iná. Títí di òní mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tí a jọ dúró nídìí iná náà: Lásísì, Gódwin, Sùlé ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, Ọ̀gá Bámijí, Mọ́jíìdì tó máa ń kọrin. Nọ́ọ̀sì Bọ́lá tó ń wá wẹ ọgbẹ́ ìyàwó mi nílé ló ní kí n kọ èyí, pé yóò wúlò fún ẹni tí irú àìsàn yìí bá wọ ilé rẹ̀. Mo ní mo lè kọ ọ́, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Ó ní, "Ẹ fi inú tó ń bí yín náà kọ ọ́, Bàbá."

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ìyá Ìbejì bu ìrẹsì sí àwo mẹ́ta. Èmi àti òun nìkan la wà nílé. Mo bi í pé ta ló ni ẹ̀kẹta.

Ó ní, "Ti Kẹ́hìndé ni. Ó máa tó dé láti Èkó."

Mo gbé ṣíbí mi sílẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀ bóyá àwàdà ló ń ṣe. Kì í ṣe àwàdà. Ó fi ọmọrí dé àwo náà, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí jẹun tirẹ̀.

Kẹ́hìndé kú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: ó kú. Nínú ilé wa a kì í sọ pé ìbejì kú. Bí ọ̀kan bá lọ, wọ́n á ní ó lọ sí Èkó, kí èyí tó kù má bàa tẹ̀ lé e. Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún Táyé lọ́jọ́ náà, gbogbo wa sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Agége là ń gbé. Táyé á jókòó síbi tí ó ti ń rí ọkọ̀ ojú irin tó ń ti ọ̀nà Ìdó bọ̀, á máa wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó tó bí ọmọ ọdún méje, kò béèrè mọ́. A rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Kò sẹ́ni tó sọ fún un bí ẹnìkejì rẹ̀ ṣe kú, kí ló ṣe é, ta ló wà níbẹ̀. Ìyàwó mi pàápàá ò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ rí.

Ibi tí àìsàn náà ti kọ́kọ́ yọ nìyẹn. Irọ́ tí gbogbo wa mọ̀ ní irọ́, òun ti gbàgbé pé irọ́ ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Á bi mí bóyá mo ti jẹun, á tún bi mí, á tún bi mí. Ó lọ ra ẹran ní Oko Ọba lọ́dọ̀ Múfú, oníbàárà rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó dúró níwájú àtẹ náà, ó ń wo ẹran, kò mọ ohun tó wá ṣe. Múfú ló gbé e sórí ọkadà wálé. Ṣùgbọ́n tí mo bá bi í ní orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ṣe ìyàwó ní ọdún tí a ṣègbéyàwó, á ka gbogbo wọn, kò ní fo ẹnì kan. Ìyẹn ló tàn mí jẹ. Mo ní ẹni tó lè rántí ohun àtijọ́ báyìí, kí ló lè ṣe é? Mo ní àgbà ló dé.

Mo máa ń dán an wò. Mo kọ ọ́ síbí kí ẹlòmíì má ṣe é. Láràárọ̀ ni mo ń bi í pé, "Ta ni mí? Ọjọ́ wo lòní?" Bí ó bá ṣì í, màá tún bi í. Mo rò pé mò ń lọ ọpọlọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ ọ̀bẹ. Ńṣe ló ń wo ẹnu mi bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Bàbá Ìbejì, kí ni mo ṣe yín?" Mo tún bi í ní ọjọ́ kejì.

Nígbà tó di pé mo ní láti lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ gbé nǹkan, mi ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyábọ̀, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi gan-an, ní òun á mú Ìyá Ìbejì sọ́dọ̀. Kò mú un sọ́dọ̀. Ilé ìṣọ́ àdúrà kan ní ẹ̀yìn ọ̀nà ojú irin ló mú un lọ, sọ́dọ̀ wòlíì kan tí wọ́n ń pè ní Jósáyà. Ìyábọ̀ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àwo ìrẹsì mẹ́ta. Ó ní ẹni tó ń bu oúnjẹ fún òkú mọ nǹkan kan nípa òkú náà.

Obìnrin kan, Sístà Dọ́kàsì, tí ẹní rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyàwó mi níbẹ̀, ló padà wá sọ bó ṣe lọ fún mi. Àárọ̀ méje ni wọ́n fi bi í, kí omi tó kan ẹnu rẹ̀. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ wọ́n ní, "Kẹ́hìndé dà?" Ó ní, "Ó lọ Èkó." Wọ́n ní ta ló rán an lọ. Ó ní òun ò mọ̀. Wọ́n ní ṣé kì í ṣe òun ló rán an. Ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n ti ń bi í bẹ́ẹ̀, ó ní, "Ó lè jẹ́ èmi."

Wọ́n bi í pé kí ló fún ọmọ náà kó tó lọ. Ó ní ògì. Ọmọ wo ní Agége ni kì í mu ògì láàárọ̀? Wọ́n ní kí ló fi sínú ògì náà. Ó ní ṣúgà. Wọ́n ní kò rántí dáadáa, kó tún rántí, nǹkan dúdú ni. Sístà Dọ́kàsì ní nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹfà, òun fúnra rẹ̀ ti ń sọ "nǹkan dúdú" kí wọ́n tó bi í. Ní ọjọ́ keje ó sunkún. Ó ní òun fi nǹkan dúdú sínú ògì Kẹ́hìndé, Kẹ́hìndé mu ún, òun sì rán an lọ. Wọ́n gba ohùn rẹ̀ sínú fóònù. Ìyábọ̀ fi ránṣẹ́ sí Táyé, ó ní kí ó lè mọ ẹni tó ń bá a jà.

Táyé ń ṣe fèrèsé alumí ní Ògbà. Ó pè mí ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Mo ṣì di ojú kan.

Ó ní, "Bàbá, ẹ mọ̀ pé Mọ́mì ló pa ẹnìkejì mi?"

Mo ní irọ́ ni.

Ó ní, "Kí ló wá pa á?"

Ìdáhùn ń bẹ lẹ́nu mi. Èmi ni mo wà nílé lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Táyé, a kì í sọ ọ́." Ó pa fóònù. Oṣù mẹ́jọ ni kò fi tẹ ẹnu ọ̀nà wa.

Bí inú ṣe ń bí mi sí Ìyábọ̀ àti wòlíì rẹ̀, ó ń bí mi jù bẹ́ẹ̀ lọ sí ara mi fún gbólóhùn yẹn. A fi ihò sílẹ̀ fún ogójì ọdún, a ní ọ̀wọ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ lè ju ohun tó bá wù ú sínú ihò.

Mo lọ mú ìyàwó mi kúrò lọ́dọ̀ wòlíì náà, mo sì mú un lọ sí ọsibítù ńlá ní Ìkẹjà. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ó tọ̀ sára. Obìnrin tó jókòó tì wá, Ìyá Rukayat, bọ́ ìborùn rẹ̀ fún wa. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ya àwòrán inú orí rẹ̀. Dókítà Yétúndé, ọmọbìnrin tó kéré sí Táyé, sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún un: ilẹ̀kùn, ọsàn, bàtà. Ó ní kó fi í sọ́kàn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ní kó sọ wọ́n. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín sí i. Kò sí ọ̀kan níbẹ̀.

Orúkọ àìsàn náà ni dìménṣíà. Dókítà ní kì í ṣe àgbà, kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe àfọwọ́fà. Ọpọlọ ló ń kú díẹ̀díẹ̀. Ó ní nínú ọpọlọ, ní ìpele etí, ẹ̀yà kékeré kan wà ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, kò tóbi ju ìka ọwọ́ lọ. Ohun tuntun tí a bá rí tàbí gbọ́, ibẹ̀ ló ń gbà wọlé. Ibẹ̀ kọ́ ló máa ń gbé títí. Nígbà tí a bá sùn, àti fún ọ̀pọ̀ oṣù àti ọdún, ọpọlọ á máa kó o lọ díẹ̀díẹ̀ sí èèpo òde rẹ̀, á pín in káàkiri: ojú ẹni níbì kan, ohùn rẹ̀ níbòmíì, òórùn ibẹ̀ níbòmíì. Àwọn okùn tíntìntín ló so wọ́n pọ̀, bí a bá ṣe ń rántí wọn sí ni okùn náà ń le sí i. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni àìsàn yìí kọ́kọ́ ń jẹ. Ìdí nìyẹn tí tàárọ̀ ò fi wọlé, tí ti ogójì ọdún sì ṣì wà.

Mo ní ó yé mi. Mo ní bí abọ́ tiwa ni. A ó ri irin sínú ọ̀dà, a ó ya òdòdó sí i, ṣùgbọ́n bó bá ti wọ iná tó sì jáde, kò sẹ́ni tó lè fọ òdòdó yẹn kúrò láéláé.

Ó ní, "Rárá, Bàbá. Kì í ṣe bí abọ́ yín."

Ó ní ní gbogbo ìgbà tí a bá fa ohun àtijọ́ jáde láti rántí rẹ̀, ó lè tún rọ̀, bí ọ̀dà tí kò tíì wọ iná. Ọpọlọ á wá tún un sun kó tó dá a padà. Ohun tó bá ta sí i lára nígbà tó rọ̀ náà, ọ̀rọ̀ ẹlòmíì, ẹ̀rù, ebi, á bá a wọlé. Ẹni tó ni ín ò ní mọ̀. Á rí i kedere bí ohun tó fojú ara rẹ̀ rí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló rí fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n fún aláìsàn tí kò lè rántí pé àná ni wọ́n sọ ọ́ fún òun, ó burú jù.

Ohùn tí wọ́n gbà náà ti dé inú fóònù tèmi, mo tàn án fún un. Ó gbọ́ ọ tán. Ó bi mí pé, "Àwọn wo ló ń bi í?" Mo sọ fún un. Ó yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Kò purọ́ fún wọn, Bàbá. Àwọn ló kọ ọ́ sí i lórí."

Àárọ̀ méje. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni abọ́ fi ń wọ iná. Wọ́n mú ọmọ tí obìnrin yìí ti ń sunkún sí abẹ́ ìrọ̀rí láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, wọ́n fà á jáde láàárọ̀ méje, wọ́n fi ebi pa ìyá rẹ̀, wọ́n fi ìka ara wọn ya ọmọ náà, wọ́n sì dá a padà. Wọ́n wá ní kó dúpẹ́. Ìyábọ̀ ní òun fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ ni. Mo sọ fún un pé kó má wá sílé mi mọ́ títí màá fi pè é. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ń gbèjà rẹ̀ ni." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Oògùn ò lè wò ó sàn. Dókítà sọ bẹ́ẹ̀ láì dọ́gbọ́n sí i, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó kù ni pé kí Táyé má jẹ́ kí ìyá rẹ̀ kú pẹ̀lú ohun tó wà nínú fóònù yẹn lọ́rùn.

Mo wá Sìfáwù lọ sí Onígbòǹgbò. Òun àti ìyàwó mi ló jókòó ti ara wọn nílé iṣẹ́ bísíkíìtì fún ọdún mọ́kàndínlógún, ní ìdí ibi tí wọ́n ti ń dì í. Ó wá kí i. Ìyàwó mi ò mọ̀ ọ́n. Sìfáwù kó bísíkíìtì jáde nínú báàgì, ó tò ó sórí tábìlì, ó fi bébà sí i, òun náà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ọwọ́ òsì bí wọ́n ṣe máa ń jókòó. Ọwọ́ ìyàwó mi gbéra. Ó kó mẹ́fà, ó gbá a jọ, ó pọ́n ọn, ó tẹ etí bébà náà wọlé, ó tì í sí Sìfáwù. Kò wò ó. Dókítà ti sọ fún mi pé ibi tí ọpọlọ ń tọ́jú iṣẹ́ ọwọ́ sí yàtọ̀, àìsàn náà kì í tètè débẹ̀.

"Wéréwéré o, Comfort," ni Sìfáwù wí, "Sùpáfáísọ̀ Élíjà ń bọ̀, ẹlẹ́nu bí ẹnu géètì."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Ó ń dì í lọ. Lẹ́yìn náà ó ní, "Élíjà ní kí n máa bọ̀ ní géètì. Bàbá Ìbejì ló gbé ọmọ wá. Ó ń sunkún."

Sìfáwù wò mí. Mo jókòó.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Aago mẹ́fà ló wọ iṣẹ́ ní àárọ̀ yẹn. Èmi ló kàn láti wọṣẹ́ ọ̀sán, nítorí náà èmi ni mo po ògì fún àwọn ọmọ. Ara Kẹ́hìndé gbóná. Mo ní ìyá rẹ̀ á dé ní aago méjì, á mọ ohun tó yẹ kí a ṣe. Mo dúró. Gìrì mú un. Dípò kí n gbé e lọ sí ọsibítù, ilé iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ni mo sáré gbé e lọ nínú òjò. A jọ wọ ọkọ̀ láti ibẹ̀. Orí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà kú sí kí a tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Mo sọ ọ́ fún Sìfáwù bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Òjò kẹ̀? Ọyẹ́ ni, Bàbá Ìbejì. Ètè gbogbo wa ló là lọ́jọ́ náà. Eruku bo yín lórí."

Mo bá a jiyàn. Mo rí òjò náà. Mo rí i títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n oṣù Kejìlá ló kú, òjò kì í rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú oṣù Kejìlá. Èmi tí mo mọ orúkọ gbogbo ènìyàn nídìí iná, èmi náà ti ya òjò sí i láìmọ̀.

Èmi àti Sìfáwù jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Táyé ní Ògbà. Ó ń gé irin. Kò pa ẹ̀rọ náà títí Sìfáwù fi pè é ní "Èjìrẹ́". Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un ní ìdúró, mi ò fi nǹkan kan pa mọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ni wọ́n ń ka Kẹ́hìndé sí, ó sì kú. Gìrì ló pa á. Èmi ni mo po ògì. Èmi ni mo dúró de aago méjì. Ìyá rẹ ò sí nílé."

Sìfáwù ní, "Ẹ̀gbẹ́ mi ló ti dìde lọ sí géètì. Mo bá a di tirẹ̀ mọ́ tèmi kí Élíjà má bàa rojọ́."

Táyé nu ọwọ́. Ó ní, "Mo máa ń lọ jókòó wo ọkọ̀ ojú irin, Bàbá."

Mo ní, "Mo mọ̀."

Ó ní, "Ẹ ò mọ̀. Ẹ máa ń kọjá lẹ́yìn mi, ẹ á ní kí n wálé jẹun." Ó tan ẹ̀rọ rẹ̀ padà. A lọ.

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kó tó wá. Ọ̀sán ni. Ìyá rẹ̀ wà nídìí fèrèsé, ó ń fi ọwọ́ di nǹkan tí kò sí níbẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Kẹ́hìndé. O ti dé."

Táyé yíjú sí mi. Mi ò mi orí. Mo ti sọ tèmi ní Ògbà.

Ó kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ méjèèjì rẹ̀ mú. Ó ní, "Mo ti dé, Mọ́mì."

Ìyá rẹ̀ ní, "Èkó jìnnà."

Táyé ní, "Ó jìnnà, mà. Ẹ ò ṣẹ̀ mí."

Láti ọjọ́ náà ló ń wá wẹ̀ ẹ́. Ẹ má retí pé ó dára lẹ́yìn ìyẹn. Ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹni tó bá ń dùbúlẹ̀ sójú kan, egbò á jáde ní bèbè ìdí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Bọ́lá kọ́ wa láti máa yí i ní wákàtí méjì méjì. Lẹ́yìn náà ọ̀fun rẹ̀ gbàgbé bí a ṣe ń gbé oúnjẹ mì. Omi tó yẹ kó lọ sí ikùn ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Òtútù àyà wọlé láti ibẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò ní ọsibítù kó tó kú. Kò mọ orúkọ mi, ṣùgbọ́n bí mo bá na ìka mi sí i, ó ń tẹ etí rẹ̀ wọlé bíi ti bébà bísíkíìtì.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọwọ́ náà. Ọwọ́ yẹn ò gbàgbé, ẹnikẹ́ni ò sì rí nǹkan kan yà sí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Sìfáwù, Dókítà Yétúndé, Nọ́ọ̀sì Bọ́lá, Sístà Dọ́kàsì, Múfú, àti Ìyá Rukayat tó fún wa ní ìborùn. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ohùn rẹ̀ ṣì wà nínú fóònù àwọn ènìyàn tí mi ò mọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, irọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló sọ ọ́. Bí ẹ bá sì ní ẹni tó ń gbàgbé nílé, ẹ má bi í léèrè ọ̀rọ̀ àtijọ́ tó ń dùn ún. Bí àwọn ọmọ yín bá béèrè, ẹ sọ òtítọ́ fún wọn nígbà tí ẹ ṣì lè sọ ọ́.

Ìyábọ̀ wá síbi ìsìnkú. Ó dúró lẹ́yìn gbogbo èrò. Níwájú ibojì, mo ka orúkọ ìyàwó mi bí mo ṣe kọ ọ́ sókè yẹn. Lẹ́yìn náà mo ní, "Ọmọ méjì ló bí. Kẹ́hìndé kú. Gìrì ló pa á, orí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ló kú sí, èmi ni mo wà nílé." Táyé bu yẹ̀pẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Ẹtì ni a sin ín, ní aago mọ́kànlá àárọ̀. Oòrùn mú. Mo ní kí Táyé kọ ọ́ sílẹ̀ pé òjò ò rọ̀.